Ṣé Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Nínú Ìdánwò Ni Olódo?

Kí àwọn tó dúró níwájú pátákó yìí jọ̀ọ́ sún díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí i kà. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ní ìparí táàmù tó kọjá, wọ́n ka èsì ìdánwò kíláàsì wa sétí gbogbo wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìíní, wọ́n sì kà á títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ẹni tó gbẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Nígbà tí a wọlé padà ní táàmù yìí, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ "OLÓDO" gàdàgbà sórí tábìlì rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nù ún kúrò, ó jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò nawọ́ sókè mọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wá sọ fún mi pé òun kò ní forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi owó bàbá mi ṣòfò sí? Ṣebí wọ́n ti sọ pé mi ò lọ́pọlọ."

Ó fún mi láyè kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìbéèrè yìí wá síwájú yín: ṣé ipò tí ènìyàn gbà ní ilé-ìwé ló ń sọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe tó?

OHUN TÍ MO RÍ LÉTÍ OMI

Apá Ogun Waterside ni ilé bàbá ọ̀rẹ́ mi yìí, létí ọ̀sà. Nígbà ìsinmi, mo bá a lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ lọ sí oko wọn. Òun ló jókòó sídìí ọkọ̀, òun ló ń wa àjẹ̀. A dé ibì kan, ó wo ojú omi, ó ní ká má gba ibẹ̀ nítorí igi kan wà nísàlẹ̀. Mo wò títí, mi ò rí igi kankan. Omi lásán ni mo rí. Bí a ṣe yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó na àjẹ̀ rẹ̀ sínú omi, ó fi kan nǹkan, ó dún kò! Igi ni lóòótọ́. Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní omi kì í rìn bákan náà lórí igi àti lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, a tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà láti ta ẹja yíyan. Obìnrin kan ṣa ẹja mẹ́tàdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦350. Mo ti ń tọwọ́ bàpò láti mú fóònù mi jáde. Kí n tó tẹ nọ́ńbà kan, ọ̀rẹ́ mi ti dáhùn: "Ẹ mú ₦5,950 wá, mà." Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní, "Kò le. Ogún ẹja jẹ́ ₦7,000. Mẹ́ta ló kù kó pé ogún. Ẹja mẹ́ta jẹ́ ₦1,050. Yọ ìyẹn kúrò nínú ₦7,000." Ó ti ń di ẹja fún ẹlòmíì kó tó sọ̀rọ̀ náà tán.

Nígbà tí a padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kọ ìṣirò kan náà sínú ìwé, 350 × 17, mo ní kó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdánwò. Ó kọ 350, ó kọ 17 sábẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà. Ó ṣe ti méje, ó rí 2,450. Ó ṣe ti oókan, ó rí 350, ṣùgbọ́n kò sún un lọ sí apá òsì. Ó rò wọ́n pọ̀, ó kọ 2,800. Bí tíṣà bá rí i, òdo ni. Mo wá bi í pé, "Ṣé o lè ta ẹja mẹ́tàdínlógún ní ₦2,800?" Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí màmá mi lé mi jáde nílé?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, orí kan náà ló ṣe ìṣirò méjèèjì. Èwo nínú wọn ni ká wá fi mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe tó?

Ẹ tún wo ọ̀nà tó gbà ṣe ti ọjà. Ọ̀nà náà wà nínú orúkọ tí àwọn baba wa sọ nọ́ńbà yẹn: mẹ́tàdínlógún, ìyẹn mẹ́ta tó dín nínú ogún. Bẹ́ẹ̀ náà ni márùndínláàádọ́ta, tí í ṣe 45: a mú àádọ́ta, a yọ márùn-ún. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń ka nǹkan ní èdè wa, ìyọkúrò ló ń ṣe láìmọ̀. Àwa tí à ń pè é ní "seventeen" lójoojúmọ́ la ti gbàgbé pé ìṣirò wà nínú orúkọ náà.

ÀWỌN ỌMỌ ALÁGBỌN NÍ BÙRÀSÍL

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rẹ́ mi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ ká rìn jìnnà díẹ̀. Ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Bùràsíl, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, lọ bá àwọn ọmọdé márùn-ún tó ń tajà ní ìgboro. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà wà láàárín ọdún 9 sí 15. Àwọn olùwádìí náà ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń béèrè iye tí ọjà yóò jẹ́. Wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1985.

Wọ́n bi ọmọ ọdún 12 kan pé èló ni àgbọn mẹ́wàá bí ọ̀kan bá jẹ́ 35. Kò kàn fi òdo kún 35 bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta mìíràn sọ ọ́ di 210, ó tún fi mẹ́ta kún un, ó di 315, ó fi ọ̀kan tó kù sí i, ó jẹ́ 350. Ó gbà á.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú bébà àti pẹ́ńsù wá, wọ́n fún àwọn ọmọ kan náà ní irú ìṣirò kan náà. Ọmọ tó ti sọ fún oníbàárà pé àgbọn mẹ́rin jẹ́ 140, nígbà tí wọ́n kọ 35 × 4 fún un lórí bébà, 200 ló kọ. Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba ìdá 98 nínú 100. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìtàn inú ìwé, wọ́n gba bí 74. Nígbà tí ó di nọ́ńbà lásán lórí bébà, wọ́n gba bí 37 péré.

Láti 98 sí 37! Ṣé ọpọlọ wọn ló kéré sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀? Rárá o. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yí padà. Nídìí ọjà, nọ́ńbà náà jẹ́ àgbọn, ó jẹ́ owó, ẹni tó bá ṣì í yóò jẹ gbèsè. Lórí bébà, ó di àmì tí wọ́n ń tì kiri láìmọ ibi tó ń lọ.

MÍMỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ GBÍGBÀGBỌ́

Kí wá ni ìdánwò ń wọ̀n nígbà náà? Ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ jù lórí ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Gbogbo wa la mọ yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1982, Ogun State University ni orúkọ rẹ̀, kó tó di Olabisi Onabanjo University ní 2001. Gíwá àkọ́kọ́ tó jẹ níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ṣódípọ̀, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò.

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí tó dé Àgọ́-Ìwòyè, ó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni òun àti ará Amẹ́ríkà kan, Barry Hallen, ti jọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n bá wọn jókòó, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò lójoojúmọ́: kí ni "mọ̀," kí ni "gbàgbọ́"? Wọn kò ka àwọn àgbà wọ̀nyí sí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Bí akẹ́gbẹ́ wọn nínú ìmọ̀ ni wọ́n ṣe bá wọn lò. Ìwé tí àwọn méjèèjì kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí mo bá fi ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, èyí ni mo MỌ̀. Ohun tí ẹlòmíì bá sọ fún mi, tí mo sì gbà, èyí ni mo GBÀGBỌ́. Ẹ gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí ẹ rí i: gbà, gbọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á. Òyìnbó lè ka nǹkan nínú ìwé kó ní òun mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wa yóò bi í pé, "Ṣé o débẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ara wa. Ta ni kò mọ̀ nínú kíláàsì wa pé Lọ́kọjá ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé? Gbogbo wa la ń kọ ọ́, gbogbo wa la ń gba máàkì lórí rẹ̀. Ó dáa, ta ló ti dé Lọ́kọjá rí nínú wa? Èmi ò débẹ̀ rí. Nípa ti Yorùbá tó jinlẹ̀, mo gbàgbọ́ ni, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n igi tó wà lábẹ́ omi yẹn, ọ̀rẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo gba ipò kẹrin, omi lásán ni mo rí.

Ẹ má ṣi mí gbọ́ o. Ìgbàgbọ́ kì í ṣe irọ́. Bí a bá ní ohun tí a fi ojú rí nìkan la fẹ́ gbà, a kò ní lè gbé ayé. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí bàbá bàbá mi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé ohun tí a gbọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró síbi tí a ti gbọ́ ọ. A lè dán an wò kó di ìmọ̀. Láti JSS ni mo ti ń kọ ọ́ pé ásíìdì máa ń sọ bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù di pupa. Mo gbàgbọ́, mo ń gba máàkì. Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì, tí mo rí i tó pọ́n lójú mi, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "ìdánwò" fúnra rẹ̀. Dán an, kí o wò ó. Orúkọ tí a fún un dára ju bí a ṣe ń ṣe é lọ. Ọ̀pọ̀ ìdánwò wa, a kì í dán nǹkan kan wò nínú rẹ̀. "Sọ ohun tí a sọ fún ọ fún wa padà" ni. Ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ dáadáa ló ń gbé e. Ìrántí dára, ọgbọ́n kan ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ọgbọ́n. Yorùbá ní ọgbọ́n, ó ní ìmọ̀, ó ní òye, ó ní làákàyè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tó, a kò bá má sọ wọ́n ní orúkọ mẹ́rin.

TA LÓ BẸ̀RẸ̀ ÌDÁNWÒ ỌPỌLỌ?

Ẹlòmíì á ní, "Òyìnbó ti ní ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ọpọlọ, IQ ni wọ́n ń pè é." Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ibi tó ti wá.

Ní 1905, ní Paris, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ìjọba Faransé ń wá ọ̀nà láti mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń nira fún, kí wọ́n lè fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é nìyẹn: láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Binet fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọpọlọ ènìyàn kò lè pọ̀ sí i ju bó ṣe wà lọ. Ó ní a lè tún un ṣe pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìdánwò náà dé Amẹ́ríkà, tí Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford sì tún un ṣe ní 1916, ó di ohun tí wọ́n fi ń to ènìyàn ní ẹsẹẹsẹ, ta ló ga, ta ló rẹlẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí wọ́n ṣe láti fi na ọwọ́ sí ẹni tó ṣubú ni wọ́n wá fi ń nàka sí i. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ka ipò ìkẹyìn sókè tí a sì rẹ́rìn-ín. Bí èsì ọ̀rẹ́ mi bá sọ ohunkóhun, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹnì kan jókòó tì í fún wákàtí kan, kó fi hàn án pé ìlà kejì gbọ́dọ̀ sún sí apá òsì nítorí pé oókan tó wà nínú 17 yẹn, ẹ̀wá ni. Kò sọ pé olódo ni.

ÌRÁNṢẸ́ ỌFÍÌSÌ TÓ KỌ̀WÉ TÍ AYÉ KÀ

Ẹ wá gbọ́ ti ọmọ Abẹ́òkúta kan. Ní 1920 ni wọ́n bí Amos Tutuola. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀. Ilé ẹlòmíì ló ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kó tó lè rí ilé-ìwé lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ parí níbẹ̀. Kò lò ju bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú òyìnbó ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun, ó di ìránṣẹ́ ní ọfíìsì ìjọba ní Èkó.

Ìránṣẹ́ yìí ló kọ The Palm-Wine Drinkard, tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ jáde ní London ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò lọ bí ti ilé-ìwé. Yorùbá ló fi ń ronú, ó sì jẹ́ kó hàn. Dylan Thomas, akéwì ńlá ilẹ̀ Wales, yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé ló bínú pé ó ń fi gírámà tí kò dára dójú tì wọ́n. Wọ́n wo ìlà tí kò tọ́, wọn kò wo ohun tí ìlà náà gbé. Lónìí, wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí ọ̀pọ̀ èdè. Ní 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ pe ọkùnrin tí kò dé sẹ́kọ́ńdírì yìí wá ṣe olùwádìí àlejò lọ́dọ̀ wọn.

Ọdún 1952 tí ìwé rẹ̀ jáde yẹn náà ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀. Ká ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC ni wọ́n fi wọn Tutuola, èrò tèmi ni pé yóò fìdí rẹmi.

ṢÉ KÍ Á WÁ PA ÌWÉ TÌ?

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn pátákó yìí: "Ṣé o rí i! Ilé-ìwé kò wúlò, ẹ jẹ́ ká lọ ta ẹja." Ẹ dákẹ́ ná jàre. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá bàbá mi fún yín.

Òjòwò ni màmá àgbà ń gbé, gàrí ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa, kí omi rẹ̀ sì ro, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Òórùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kúkú yan án lọ́la?" Wọ́n ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Bí kò bá kan, kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú."

Nínú kẹ́mísírì ni mo ti rí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tó máa ń tú sáyánáìdì jáde, májèlé gidi sì ni. Rírin ẹ̀gẹ́, fífi í sílẹ̀ kó kan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan án lórí iná ló ń mú un kúrò. Màmá àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìwé ló mọ ìdí rẹ̀.

Ṣé ìdí ṣe pàtàkì? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Mozambique ní 1981. Ọ̀dá dá, ebi mú. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ló kù lóko. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sá a sóòrùn pẹ́, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí wọ́n dúró, wọ́n gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn dókítà tó ka ìwé, tí Hans Rosling ará Sweden wà lára wọn, ló wá ìdí rẹ̀ rí: sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jiná tó ni. Àìsàn náà ni wọ́n ń pè ní konzo. Ẹni tó mọ bí a ti ń ṣe é nìkan lè rò pé ọjọ́ méjì tí òun yọ kúrò kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ mọ ohun tí kò ṣeé yọ.

Nítorí náà, ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀tá ọgbọ́n. Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ó sì ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti lè kàwé. Nílé ló ti ka ìwé tó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944, kò jókòó sí kíláàsì wọn. Bí ẹnì kan bá wà tó lè sọ pé ènìyàn lè gbọ́n láìsí kíláàsì, òun ni. Síbẹ̀, òun ni ìjọba rẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955. Ẹni tó ti lu ilẹ̀kùn títí kí wọ́n tó ṣí i fún un ló ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún ọmọ ẹlòmíì.

KÍ NI KÁ WÁ ṢE?

Ohun tí mo rí nìyí. Èsì ìdánwò ń sọ ohun kan: bí a ṣe di ohun tí wọ́n sọ fún wa mú tó, lórí bébà, lọ́jọ́ kan, nínú yàrá kan. Ó tún ń sọ àwọn nǹkan mìíràn tí a kì í kà sí: ta ló ní iná nílé láti kàwé lálẹ́, ta ló ní ìwé tirẹ̀, ta ló kọ́kọ́ ń polówó ọjà kó tó wá sí ilé-ìwé. Kò lè sọ bí ọpọlọ ènìyàn ṣe tó. Ẹni tó gba ipò kìíní ní kíláàsì wa ṣiṣẹ́ fún un, mo mọ̀ bó ṣe ń kàwé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí ló bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n kó má rò pé òun ti gbọ́n tán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀bẹ̀ méjì la ní. Èkíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún kálukú ní èsì tirẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má kà á sétí gbogbo kíláàsì mọ́. Èkejì, nígbà tí ẹnì kan bá gba òdo, kí ẹ bá wa bi í bó ṣe dé ibẹ̀. Ìlà kan péré ni ọ̀rẹ́ mi kò sún.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sórí tábìlì yẹn mọ ara rẹ̀. Mi ò wá a. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé inú "òdo" ni "olódo" ti wá, àti pé Yorùbá tó sọ mẹ́tàdínlógún lórúkọ kì í ka ẹnikẹ́ni sí òdo.

Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé o ń ka èyí, bóyá nígbà tí gbogbo wọn bá ti lọ. Wọn kò tíì ti ìforúkọsílẹ̀ WAEC. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí o bá fọṣọ tán, mo ń bọ̀ nílé yín pẹ̀lú ìwé ìṣirò mi. Èmi á fi bí wọ́n ṣe ń sún ìlà kejì hàn ọ́. Ìwọ náà á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo omi. Mo ti gbàgbọ́ pé igi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Kọ ohun márùn-ún tí o kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò tó kọjá. Èwo lo mọ̀, èwo lo gbàgbọ́?
2. Lọ bá ẹnì kan tí kò lọ sí ilé-ìwé: káfíńtà, aláṣọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, tàbí ẹni tó ń ṣe gàrí. Kí ó ṣe ìṣirò kan fún ọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kọ bó ṣe ṣe é, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí o sì mú un wá fún Ẹgbẹ́ Oníròyìn. Èyí tó bá dára jù la máa lẹ̀ mọ́ pátákó yìí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
3. Ṣe 350 × 19 ní ọ̀nà ilé-ìwé, kí o tún ṣe é ní ọ̀nà ọjà. Èwo ló yá? Kí ló fà á?